Àgbá Bẹntiróò Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yàrá Opó

Imú mi ló kọ́kọ́ mọ̀. N kò tíì bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, n kò tíì kí ẹnikẹ́ni, mo ti gbọ́ òórùn náà: bẹntiróò tó ti pẹ́ nílẹ̀, tó ti kan, tó ń ta èèyàn lọ́nà ọ̀fun. Ọ̀sẹ̀ kejì tí a sin bàbá mi ni. Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ti ń tú ká, ẹní tí wọ́n tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti dín kù, èmi náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èrúwà dé, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Mo dúró lójú kan, mo ń fa imú kiri. Mo bi ìyá mi pé kí ló ń rùn báyìí.

"Kò sí nǹkan kan tó ń rùn," ni ìyá mi wí látinú yàrá. "Wá jókòó, o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

Èmi kì í jókòó bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni ìyá mi ti máa ń sọ pé àga kórìíra ìdí mi. Bí nǹkan bá ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé, èmi ni n óò kọ́kọ́ dìde, èmi ni n óò kọ́kọ́ bínú, èmi náà ni n óò sì kọ́kọ́ sunkún. Mo tẹ̀ lé òórùn yẹn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹnu yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìyá mi. Àgádágodo tuntun wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó wà nínú yàrá náà. Bàbá mi fi ọ̀pọ̀ ọdún wa píkọ́ọ̀pù. Ó ń kó èlùbọ́ àti láfún láti Igangan àti àwọn abúlé tó yí i ká, ó ń gbé wọn lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí epo ọkọ̀ di ọ̀wọ́n gógó ní àárín àwọn ọdún 1990, tí àwọn awakọ̀ ń sùn sí ilé epo bí ẹni tó lọ ṣe ìsọjí, bàbá mi wá àgbá irin kan, ó ń rọ bẹntiróò sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kún. Yàrá kékeré tí a ń kó iṣu sí tẹ́lẹ̀ ló gbé e sí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì píkọ́ọ̀pù kú, tí wọ́n wá fi okùn fà á lọ lójú gbogbo wa. Àgbá kù sílẹ̀. Bàbá mi kò tà á, kò fi tọrẹ, kò dà á nù. Ó ní òun máa ra ọkọ̀ mìíràn. Gbogbo wa mọ̀ pé kò ní ra ọkọ̀ kankan mọ́, òun náà mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ jáde?

Ó ń tọ́jú àgbá náà bí ẹni tó ń tọ́jú àgbò iléyá. Bó bá ti kírun ìdájí tán, á ṣí fèrèsé yàrá kékeré yẹn sílẹ̀ kí atẹ́gùn gba ibẹ̀ kọjá. Á fi ọwọ́ tẹ ìdérí wò, á bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ń jò. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé àtùpà wọ ibẹ̀, kódà ká máa wá èkúté. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọ́ òórùn rẹ̀ títí ó fi kú.

Lọ́jọ́ tí a sin ín, ta ló máa rántí fèrèsé? Àbúrò rẹ̀ tí a ń pè ní Bàbá Kékeré ló wá di olórí ẹbí. Ó ti fèrèsé pa, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi àgádágodo sí i, ó sì ki kọ́kọ́rọ́ sí àpò. Ó ní ogún ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan títí àdúrà ogójì ọjọ́ yóò fi kọjá, tí Ààfáà yóò wá pín in fún àwọn tó tọ́ sí.

Ó dára, ogún ni. Ìyá mi ńkọ́? Ìyá mi ń ṣe tákàbà. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó fi ń jókòó lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, nínú ilé ọkọ rẹ̀ gan-an. Kò gbọdọ̀ lọ sùn níbòmíràn, kò gbọdọ̀ ṣoge, kò gbọdọ̀ máa rìn kiri. Ìyá mi kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ṣeré. Ògiri amọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti àgbá, ògiri náà kò sì kan òrùlé. Ìyá mi kò lè kúrò nítorí tákàbà, àgbá kò lè kúrò nítorí ogún. Àwọn méjèèjì wá jọ ń gbé bí orogún.

Mo wọ yàrá lọ bá a. Ó fi ìborí dí imú lọ́nà tó dà bí ẹni pé ó kàn wé e bẹ́ẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo bi í bóyá orí ń fọ́ ọ. Ó ní ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú, báwo lorí rẹ̀ ò ṣe ní fọ́?

Mo gba ilé Bàbá Kékeré lọ lẹ́sẹ̀ kan náà, n kò tíì mu omi. Ó jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ họ èékánná.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé àgbá yẹn jáde."

"Ká gbé e lọ síbo?"

"Síta. Òórùn rẹ̀ fẹ́ pa ìyá mi."

"Tíṣà, wọn ò tíì pín ogún, o fẹ́ gbé e síta. Bó bá dín kù ńkọ́? Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ti Èkó dé tó ní wọ́n ti jí nínú rẹ̀ ńkọ́? Èmi ni wọ́n máa bi, wọn ò ní bi ìwọ."

"Bẹntiróò ọ̀hún ti bàjẹ́, Bàbá. Kò sí ọkọ̀ tó lè mu ún mọ́."

"Ṣé ìwọ ni mẹkáníìkì?"

Mo dúró tì í lórí títí ó fi sú u. Ohun tí mo rí gbà ni pé kí ó wá ṣí fèrèsé. Nígbà tó ṣí i, mo na ọrùn wo inú rẹ̀. Ìdí àgbá ti dípẹtà, simẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó sì ń dán bí ibi tí epo dànù sí. Ó ti ń làágùn. Mo fi han Bàbá Kékeré. Ó ní bàbá mi ló da omi síbẹ̀. Ó tún ti ilẹ̀kùn, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo dúró níbẹ̀, n kò lè kúrò, nítorí pé abẹ́ fèrèsé yẹn gan-an ni wọ́n máa ń to ààrò sí nígbàkígbà tí ìnáwó bá wà nílé wa. Àdúrà ogójì ọjọ́ sì ń bọ̀. Igi ìdáná ti wà nílẹ̀. Ọyẹ́ sì ti mú gbogbo nǹkan gbẹ.

Láti ọjọ́ náà lọ, ara mi kò lélẹ̀ mọ́. Bí mo bá wà ní Èrúwà níwájú kíláàsì, tí mo ń kọ nǹkan sójú pátákó, ọkàn mi á ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé wa ní Ìgbó-Ọrà. Bí ẹnikẹ́ni bá sáré wọ ọgbà ilé-ìwé, n óò ti jáde lọ pàdé rẹ̀. Bí mo bá délé lópin ọ̀sẹ̀, n óò kọ́kọ́ yọjú síbi fèrèsé kí n tó yọjú sí ìyá mi.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n mi. Aládùúgbò wa kan ní kí n bu ú díẹ̀díẹ̀ látojú fèrèsé, kí n máa dà á sí ṣáláńgá, ó ní ó ń pa ìdin. Òótọ́ ni pé ó ń pa ìdin, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò mọ̀ pé inú ṣáláńgá yẹn ni ọkọ rẹ̀ ti máa ń fa sìgá kí ìyàwó má bàa rí i. Mo sọ fún un pé yóò pa ju ìdin lọ. Ẹlòmíràn ní kí a dà á sójú àgbàrá. Àgbàrá wa sì ń gba ẹ̀gbẹ́ kànga tí ilé mẹ́rin ń pọn kọjá. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ká lọ dà á sínú ìgbẹ́ ká ṣáná sí i, ká dúró lókèèrè. Nínú ọyẹ́! Pẹ̀lú gbogbo oko iṣu àti ẹ̀gẹ́ tó wà níbẹ̀! Mo bi í bóyá ó ní oko ní agbègbè náà, ó ní òun kò ní. Mo ní mo rò bẹ́ẹ̀.

Ní ẹ̀bá ọ̀nà tó wọ Èrúwà, àwọn tó ń ṣe títì nígbà náà ní ọgbà ńlá kan tí wọ́n ń kó katakata àti ọkọ̀ wọn sí. Mo máa ń rí àgbá àti táǹkì nínú ọgbà náà látojú fèrèsé bọ́ọ̀sì. Mo rò ó pé àwọn tó ń lo epo lójoojúmọ́ kò ní ṣàìní ibi tí wọ́n ń kó èyí tó bàjẹ́ sí. Nígbà tí ilé-ìwé parí lọ́jọ́ kan, mo wọ ibẹ̀ lọ, mo bèèrè ọ̀gá sítọ́ọ̀ wọn. Ọkùnrin tó sanra níwọ̀nba ni, ó ní fìlà onírun kan tí kì í ṣí kódà nínú oòrùn.

Ó ní lóòótọ́, táǹkì kan wà lẹ́yìn tí wọ́n ń da epo tó bàjẹ́ àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti gbó sí. Ọkọ̀ kan ń wá fà á lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi í dáná ẹ̀rọ tó ń yan òkúta títì, iná tó wà nínú irin, tí kò lè jó ẹnikẹ́ni. "Ṣùgbọ́n tiwa là ń dà síbẹ̀," ló wí. "A kì í gba ti ará ìta."

Mo dúpẹ́, mo lọ. Mo padà lọ́jọ́ kejì. Mo tún padà. Bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀ rẹ̀, mo ń jókòó síbẹ̀ máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo ń dìde, mo ń rìn dé ẹnu géètì, mo ń padà.

"Tíṣà, ṣé ẹ ò nílé ni?" ló bi mí nígbà tó sú u.

"Mo nílé. Bẹntiróò ló wà ńbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jókòó tì mí, mo sì ro gbogbo ẹ̀ fún un, ti tákàbà, ti ògiri tí kò kan òrùlé, ti ìdí àgbá tó ń làágùn. Ó wá ní òun á gbà á, ṣùgbọ́n nǹkan kan ló kù. Ẹni tó ni í gbọ́dọ̀ sọ pé òun ló ni í, pé òun ló ní kí wọ́n gbé e wá. Òun kò ní gba ẹrù tí ẹbí ń jà lé lórí, kí wọ́n má bàa tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú ọlọ́pàá lọ́la. Mo fi ìdùnnú wọ bọ́ọ̀sì. Ìgbà tí mo fẹ́ dé Ìgbó-Ọrà ni mo tó rántí pé kò sí ẹni tó ni í.

Ọjọ́ àdúrà pé. Mo jí ṣáájú gbogbo èèyàn, mo fi ọwọ́ ara mi kó àwọn òkúta ààrò kúrò lábẹ́ fèrèsé lọ sí ìta gbangba ní òdìkejì ọ̀nà. Àwọn obìnrin tó wá bá wa dáná bínú. Wọ́n ní oòrùn máa pa àwọn, wọ́n ní ìwé tí mo kà ti gun orí mi. Mo gbà. Mo bá wọn gbé omi, mo bá wọn gé ẹran, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá mú ògúnná lọ́wọ́ kọjá níwájú ilé, mo ń tẹ̀ lé e bí òjìji.

Lẹ́yìn àdúrà àti oúnjẹ, Ààfáà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti pín ogún. Bàbá Kékeré wà níbẹ̀, àwọn àgbà ẹbí wà níbẹ̀. Bùọ̀dá mi náà ti Èkó dé. Ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ bàbá mi ni, ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyà epo ti jẹ ẹ́ ní Èkó, ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ bẹntiróò létí rẹ̀, ojú rẹ̀ á là. Ìyá mi jókòó sínú yàrá lẹ́yìn aṣọ ìkélé, nítorí pé opó kì í jáde sáàárín àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pín ilé, wọ́n pín kẹ̀kẹ́ àti rédíò. Oko káṣú tó wà lọ́nà Ìdèrè, tí bàbá mi àti ìyá mi jọ gbìn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n ní ibẹ̀ ni ìpín ìyá mi máa bọ́ sí. Inú mi dùn sí ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kan àgbá.

"Ìyẹn rọrùn," ni Bùọ̀dá wí. "Mo ti rí ẹni tó máa gbà á. Ẹnì kan tó ń ta kẹrosíìnì ni. Ó ní òun á máa dà á díẹ̀díẹ̀ lu kẹrosíìnì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

N kò tíì la ẹnu tí mo fi gbọ́ ohùn láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé.

"Ta ló máa ra kẹrosíìnì náà?"

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíjú sí aṣọ ìkélé. Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú, ìyá mi kò tíì gbé ohùn sókè bẹ́ẹ̀.

"Màámi, àwọn tó ń ra kẹrosíìnì náà ni," ni Bùọ̀dá dáhùn.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ìyá mi. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọmọbìnrin aládùúgbò wa tan àtùpà láti fi ka ìwé, àtùpà náà sì bú gbàmù sí i lójú. Kẹrosíìnì àdàlù ni. Ìyá mi ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Òun ló fi aṣọ ìró rẹ̀ bo ọmọ náà, òun ló gbé e lé ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ bàbá mi lọ sí ọsibítù. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n títí tó fi lọ sílé ọkọ, ìborí ló fi ń bo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan, bó bá sì rí ìyá mi lọ́nà, á kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ kí i.

"Ààfáà," ni ìyá mi wí, "ẹ bá mi fi àgbá yẹn sí ìpín tèmi."

Bùọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Màámi, kí lẹ fẹ́ fi bẹntiróò ṣe?"

"Mo fẹ́ dà á nù. Níbi tí kò ti ní jó ọmọ ọlọ́mọ."

Ojú Bùọ̀dá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ẹni tó bá mọ ojú epo lásìkò yìí mọ̀ pé àgbá kan kì í ṣe nǹkan kékeré. Bí Màámi bá máa gbà á, á jẹ́ pé wọ́n máa fi nǹkan mìíràn sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi oko káṣú sílẹ̀. Mo wo ojú Bàbá Kékeré, ó ń wo ilẹ̀. Mo wo ojú Ààfáà. Ó bi ìyá mi bóyá inú rẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti wá, bóyá ẹnikẹ́ni kò fipá mú un. Ìyá mi ní inú òun ló ti wá, òun gbà.

Mo fò dìde. "Rárá o! Epo tó ti bàjẹ́! Ẹ fẹ́ fi oko wọn pààrọ̀ epo tó ti bàjẹ́! Bùọ̀dá, ṣé ojú ò tì yín?"

"Jókòó," ni ìyá mi wí.

"N ò ní jókòó."

"Mo ní kí o jókòó. Ìgbà wo lo fẹ́ kí n lọ ká káṣú ọ̀hún, nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ mìíràn wá fún mi pẹ̀lú ojú jíjó?"

Mo jókòó. Ìbínú ń hó nínú mi bí ẹ̀kọ gbígbóná, mo sì sunkún láàárín àwọn àgbà láìtijú. Ààfáà ṣe àdúrà sí i. Bàbá Kékeré na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

Mo sáré lọ sọ fún ọ̀gá sítọ́ọ̀ pé àgbá ti ní ẹni tó ni í. Òun fúnra rẹ̀ ló dá ọjọ́. Ó ní kí ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kí oòrùn má tíì mú. Ó ní kí iná kankan má wà ní gbogbo àyíká wa. Ọ̀rọ̀ yìí ló wù mí jù, nítorí iṣẹ́ ti dé fún ẹsẹ̀ mi. Mo lọ láti ilé dé ilé ní ọjọ́ tó ṣáájú, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dáná àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n ní kí làwọn máa jẹ? Mo ra ẹ̀kọ àti àkàrà láti ìsàlẹ̀ ọjà, mo pín in. Mo gba ìṣáná lọ́wọ́ ọkọ aládùúgbò wa, ó ní òun kì í fa sìgá. Mo ní mo mọ̀, kí ó kàn bá mi tọ́jú rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn dúró níwájú ilé wa láàárọ̀ náà, mo gbọ́ tí nǹkan kan bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi nínú yàrá. Píkọ́ọ̀pù ni wọ́n gbé wá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ké bíi ti bàbá mi gẹ́lẹ́. Mo yọjú wọlé, mo bá a tó di fèrèsé mú, tó ń wo ìta. Ó fọwọ́ sí mi pé kí n máa lọ.

Wọn kò yí àgbá. Ìdí rẹ̀ ti dípẹtà jù, irin sì lè ta iná lára simẹ́ńtì. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, a dúró síta títí òórùn fi rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ fa bẹntiróò náà gba inú rọ́bà bọ́ sínú àwọn kẹ́ẹ̀gì onírin tí wọ́n kó wá, tí wọ́n tò sórí ilẹ̀ níta. Ẹnì kankan kò fi ẹnu fà á, bí àwọn awakọ̀ wa ṣe máa ń ṣe tí wọ́n á wá máa mu epo pupa lé e. Wọn kò jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì kankan kún dé ẹnu. Ọ̀gá sítọ́ọ̀ ní ooru á mú kí ó wú. Àwọ̀ bẹntiróò náà ti di ti tíì tí wọ́n sè jù. Èyí tó ta sílẹ̀, wọ́n da iyanrìn lé e, wọ́n gbá iyanrìn náà jọ, wọ́n kó o sínú garawa onídérí, wọ́n gbé òun náà lọ.

Àwọn obìnrin tó ń dín gàrí ti dúró de àgbá tó ṣófo. Wọ́n fẹ́ kí wẹ́dà là á sí méjì, kí wọ́n fi ṣe agbada ìdíngàrí. Mo kọ̀ jálẹ̀. Inú rẹ̀ ṣì kún fún òórùn, òórùn yẹn ni iná wẹ́dà máa kọ́kọ́ bá pàdé. Wọ́n pè mí ní ahun. Ọ̀gá sítọ́ọ̀ dé e pa, ó dì í mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ní àwọn á fọ̀ ọ́ nílé iṣẹ́ àwọn. Mo jókòó síwájú pẹ̀lú wọn dé Èrúwà. Gbogbo kòtò tí a bọ́ sí, mo ń wẹ̀yìn. Ìgbà tí mo rí i tí wọ́n da kẹ́ẹ̀gì tó kẹ́yìn sínú táǹkì, mo sọ fún ọ̀gá sítọ́ọ̀ pé kí Ọlọ́run bá mi san án fún un.

Bùọ̀dá ló ni oko káṣú. Ó tà á kí èso ọdún náà tó pọ́n. Bí a bá wà nínú bọ́ọ̀sì tí a gba ibẹ̀ kọjá, tí òórùn káṣú gba ojú fèrèsé wọlé, èmi ni mo máa ń bínú. Ìyá mi kì í wo apá ibẹ̀.

Ọjọ́ tí ìyá mi parí tákàbà, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tuntun, àwọn obìnrin ẹbí wá bá a yọ̀. Mo rò pé ìta ló máa kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn gbogbo oṣù tó fi jókòó sójú kan. Nígbà tí mo wá a tì, inú yàrá kékeré ni mo bá a. Ó tẹ́ ẹní sórí simẹ́ńtì, níbi tí àgbá wà tẹ́lẹ̀, ó jókòó. Fèrèsé wà ní ṣíṣí.

"Tíṣà," ló pè mí, "ṣé ìwọ ṣì ń gbọ́ òórùn rẹ̀? Imú tìrẹ dáa jù tèmi lọ."

Mo fa imú. Mo tún fà á. Atẹ́gùn nìkan ni, àti ọṣẹ tó fi wẹ̀.

"Rárá, Màámi. Kò rùn mọ́."

Ó mi orí. Ó ní, "Gbogbo ọdún tí mo fi fọ aṣọ bàbá yín, bó ṣe máa ń rùn nìyẹn tó bá ti Ìbàdàn dé. Mo mọ̀ pé kò dáa fún mi. Mo kàn ń rò pé kó tún kù díẹ̀ sí i ni."

Omi wá sí ojú mi. Mo fẹ́ dìde, mo fẹ́ lọ bu omi, mo fẹ́ lọ pe ẹnì kan. Ìyá mi sún díẹ̀ lórí ẹní, ó fi ọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo jókòó tì í, n kò sì dìde títí tí àwọn obìnrin fi wá pè wá.